Yàrá Àlejò: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Nípa Àlejò Tó Fẹ́ Sùn Mọ́jú

Ìbàdàn ni mò ń gbé, ilé wa ò tóbi púpọ̀, àmọ́ kò sí ọdún kan tá kì í gba àlejò tó máa sùn, àwọn tó wá fún ìkómọ, ìgbéyàwó, Iléyá, Kérésì, òkú àgbà, títí kan àwọn tó ń lọ sí Ìlọrin tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lọ́nà. Àwọn àbúrò àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pè mí béèrè oríṣiríṣi nǹkan bí àlejò bá fẹ́ wá bá wọn, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń padà wá, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí.

Àlejò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ lọ sùn sínú yàrá yẹn fúnra yín. Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, kẹ́ ẹ tó fọ kọ́tìnnì, ẹ gbé fóònù yín, ẹ lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ kan bíi pé ẹ ò mọ ilé yẹn rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó kọ́ mi. Ọdún tí mo bí ọmọ mi kejì, ẹ̀gbọ́n màámi wá láti Ọ̀yọ́ fún ìkómọ, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. A ti tún yàrá ṣe, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun, rọ́ọ̀gì tuntun, gbogbo ẹ̀ ń dán. Láàárọ̀ mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ṣé ẹ sùn dáadáa mà, wọ́n ní àdúpẹ́ o, mo sùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n lọ kí màámi tó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n àwọn ò fojú kan oorun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ni súìṣì fáànù wà, wọn ò rí i, gèlè ni wọ́n fi ń fẹ́ra títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò sì mu omi kankan láti ìrọ̀lẹ́ torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wọ́n lóru àwọn ò ní mọ ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú òkùnkùn. Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, torí màmá yìí ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi.

Wọ́n ní àlejò lójú àmọ́ kò fi ríran. Kò sì ní bi yín, paàpàá bó bá jẹ́ àgbà tàbí àna, ojú á máa tì í. Nítorí náà gbogbo nǹkan tó lè fẹ́ béèrè láàárín òru, kí yàrá yẹn ti dá a lóhùn ṣáájú ni. Bẹ́ ẹ bá sùn síbẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti kú, pé ilẹ̀kùn ń dún kìì kìì, pé fómù ti jìn láàárín, pé jẹ̀ǹ àwọn ará ẹ̀yìn ilé ń dún sí fèrèsé yẹn gan-an, pé béèyàn bá pa iná tán ó máa rìn lókùnkùn kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Kò séèyàn tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó rí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn.

Yàrá àlejò wa ti di sítọ́ọ̀, ṣé mo lè kàn kó ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n ta kọ́tìnnì bò ó?

Mi ò lè sọ pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí, báàgì àlòkù, ìyẹn ṣì ṣeé gbọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti iṣu ló wà níbẹ̀, eku wà níbẹ̀ náà nìyẹn, bẹ́ ẹ rí i bẹ́ ẹ ò rí i. Àìsàn Lassa, ara eku ló ti ń wá, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń kó o ran èèyàn, àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì máa ń le jù, ìyẹn bíi December sí April, àsìkò Kérésì àti Àjíǹde tí àlejò pọ̀ jù gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Òǹdó àti Ẹdó mọ ohun tí mò ń sọ, ọ̀dọ̀ yín ló ti máa ń ṣọṣẹ́ jù.

Ẹ kó oúnjẹ kúrò, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí tó le, kó lọ sí kíṣìnnì. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí eruku ẹ̀ á fẹ́ wọ imú yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da omi tẹ́ ẹ po jíìkì mọ́ sí i, kó rin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi tíṣù tàbí àkísà nù ún, kẹ́ ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí páìpù gbà wọ ara ògiri ló máa ń jẹ́, ẹ dí i.

Ṣé kí n kun yàrá náà kí wọ́n tó dé?

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kùn ún. Tó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ fi sílẹ̀, òórùn ọ̀dà tútù burú ju ògiri tó dọ̀tí lọ, orí á kàn máa fọ́ àlejò ni. Ẹ fi omi ọṣẹ nu ibi tí ọwọ́ máa ń bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì, ó tó.

Fómù wo ló dáa? Owó ò sí lọ́wọ́ láti ra tuntun o.

Ẹ má ra tuntun tí ti tẹ́lẹ̀ ò bá tíì jìn. Ẹ jókòó sáàárín ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ dìde, ẹ wò ó bóyá ó ń padà sókè kíá. Tó bá jìn lápá kan, ẹ yí i, ibi orí kó di ibi ẹsẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ tó bá jẹ́ irú tó lójú méjì. Ẹ gbé e sóòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ló ń lé òórùn ọ̀rinrin tó máa ń wà lára fómù lẹ́yìn òjò June àti July.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé díẹ̀. Èyí tó ń dán yọ̀ọ̀ tó dà bíi ọ̀rá yẹn, ó máa ń mú ooru ni, òógùn á kàn máa yọ lára èèyàn, kó rọra máa yọ̀ kúrò lórí fómù lóru. Kọ́tìnnì àtijọ́ pàápàá tó bá jẹ́ òwú dáa jù ú lọ. Ẹ ra aṣọ òwú ní Gbági, kẹ́ ẹ gbé e fún télọ̀, kó ran án kó fi rọ́bà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó ẹ̀ sábà máa ń dín ju ti èyí tí wọ́n rán tán lọ. Tó bá wá jẹ́ àdìrẹ Ìtòkú láti Abẹ́òkúta lẹ fẹ́ tẹ́, ó rẹwà gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun tútù pa á lára kẹ́ ẹ wò ó, torí aró ẹ̀ lè yọ sí aṣọ ìsùn funfun àlejò.

Pílò, kó jẹ́ méjì fún ẹnì kan, ọ̀kan tó ga, ọ̀kan tó rọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ti sùn lórí pílò òwú àràbà láti kékeré kì í fẹ́ràn fómù tó le yẹn, ọrùn máa ń ro wọ́n. Búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tàbí aṣọ ìbora òfì, kẹ́ ẹ ká a síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ọyẹ́, ẹ fi ọ̀kan tó nípọn kún un, torí ooru ọ̀sán ọyẹ́ máa ń tan èèyàn jẹ, tó bá di aago mẹ́rin ìdájí òtútù yẹn á wọ eegun. Ẹ fi Vaseline kékeré kan sórí tábìlì nígbà ọyẹ́, ètè àlejò á ti là kílẹ̀ tó mọ́.

Mo rí ìdun lára bẹ́ẹ̀dì. Ojú ń tì mí, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, ìdun kì í wo ilé olówó tàbí tálákà, inú báàgì àti aṣọ ló ń bá wọlé. Ooru ló ń pa á. Gbogbo aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kó tó 60°C, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná níbi ojú ìránṣọ. Ẹ tú bẹ́ẹ̀dì onígi sílẹ̀ pátápátá, inú oríkèé igi àti ihò ìṣó ló ń gbé, ẹ da omi híhó sí i. Ẹ wo etí fómù yíká, bẹ́ ẹ bá rí àmì dúdú tíntìntín bíi pé wọ́n fi bírò kàn án, ibẹ̀ ni. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì torí ẹyin ẹ̀ á ti pa. Títi yàrá pa fún oṣù kan ò sì ní pa á, ìdun lè wà láìjẹun fún oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn olómi bíi Sniper sórí fómù tí èèyàn máa fi imú lé mọ́jú. Dichlorvos ló wà nínú ẹ̀, májèlé ni. Ní 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré 100ml ẹ̀ torí àwọn tó ń pa. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń fọ́n ọn sínú yàrá tí wọ́n á tún ti fèrèsé pa kí àlejò tó wọlé, ẹ dákun ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Kọ́ìlì ni mo máa ń tan.

Kọ́ìlì nínú yàrá tí wọ́n ti pa kò dáa fún àyà, tí àlejò yín bá wá ní àsíìmà, òru yẹn á gùn gan-an fún un. Nẹ́ẹ̀tì ni mo fara mọ́. Èyí tí wọ́n máa ń pín ní ẹ̀ka ìlera, tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú ọ̀rá, ẹ ta á síbòòji fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó lò ó, kò ní máa ta èèyàn lára. Ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn á ba oògùn ara ẹ̀ jẹ́. Ẹ ti kan ìṣó tí wọ́n máa fi so ó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáájú, ẹ má gbé nẹ́ẹ̀tì fún àlejò lálẹ́ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́.

Ẹ sì wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, ihò tó tó orí ìka, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń dí i, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ da omi inú ike àti táyà tó wà lábẹ́ fèrèsé nù.

NEPA ò ṣeé gbára lé ládùúgbò wa, báwo ni màá ṣe ṣe é lóru?

Àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iléeṣẹ́ iná ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ẹ lè fo èyí. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ẹ ra fáànù tó ń gba ṣáàjì, kẹ́ ẹ sì ti ṣáàjì ẹ̀ kún láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fi iná sólà kékeré tàbí tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ọwọ́ àlejò lè tó láti orí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ fi hàn án, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tàn án pa á lójú yín. Àbẹ́là àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò gbọdọ̀ wà nínú yàrá kan náà, mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ̀ǹ wá ni ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀. Ẹ lè fẹ́ tàn án mọ́jú torí àlejò, kẹ́ ẹ gbé e sí fàrándà kí wọ́n má bàa jí i, kí fàrándà yẹn sì wá jẹ́ ẹ̀yìn fèrèsé yàrá àlejò. Èéfín ẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹni tó ti sùn lè má jí mọ́. Ká gbé e jìnnà sílé ni, kí ẹnu sálẹ́ńsà kọjú síta, kò gbọdọ̀ wà ní fàrándà, kò gbọdọ̀ wà ní pásééjì. Kí àlejò sun inú ooru lálẹ́ kan sàn jù. Tẹ́ ẹ bá ní inverter, fáànù yàrá àlejò ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbé, kẹ́ ẹ pa fíríìjì tiyín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rántí ni irin ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn, bọ́gíláàrì yẹn. Lálẹ́ a máa ń fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ á wà lábẹ́ pílò bàbá onílé. Tí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Ẹ kan ìṣó kan síbi tí ọwọ́ ole ò lè tó láti ìta, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi han àlejò lálẹ́ àkọ́kọ́. Gbólóhùn kan péré ni, “Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rèé o, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.”

Kí ló yẹ kó wà ní balùwẹ̀?

Omi. Kẹ́ ẹ pọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì síbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, kódà bí ẹ̀rọ bá ń yọ, torí bí iná bá lọ tí táńkì gbẹ lóru, àlejò yín á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ tí kò ní omi tó máa fi ṣàn án, kò sí ìtìjú tó tó ìyẹn nílé onílé. Ike ìbomi kan, ọṣẹ tuntun tí ẹnì kankan ò tíì lò, tíṣù, sílípáàsì ẹsẹ̀ méjì, nǹkan tí wọ́n máa kó aṣọ kọ́. Kànrìnkàn tuntun. Táwẹ̀lì, ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n rí i pé tiwọn ni, tó bá wà ní balùwẹ̀ wọ́n á rò pé tonílé ni, wọ́n á fi ìró nura. Ẹ rọra sọ fún wọn bóyá ìgbọ́ǹsẹ̀ ń lọ tààrà àbí ó máa ń fẹ́ omi lẹ́ẹ̀mejì.

Omi gbígbóná fún àgbàlagbà láàárọ̀, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ẹ fẹ́, wọ́n á ní rárá. Ẹ kàn gbé e sílẹ̀.

Bàbá àgbà ló ń bọ̀, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tòkè ló dáa jù. Ẹ wo gíga bẹ́ẹ̀dì: tí wọ́n bá jókòó sí etí ẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ pẹlẹbẹ, kí orúnkún wọn má ga ju ìbàdí lọ. Fómù orí ilẹ̀ kì í ṣe fún bàbá àgbà, wọn ò ní lè dìde níbẹ̀ láìpe èèyàn. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kékeré tó ń yọ̀ lórí táìsì kúrò, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni irú rọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ ti gbé ṣubú. Iná kékeré kan kó wà lójú ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́jú. Tí ọ̀nà bá jìn, ẹ fi póò tó nídèérí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ọmọkùnrin ilé kan sì mọ̀ pé òun lòun máa gbé e dànù láàárọ̀ kílé tó jí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ síta. Àga tó ní apá, kó wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Tábìlì fún oògùn, omi àti awò ojú.

Ìyá ọlọ́mọ tuntun ńkọ́?

Káńfọ̀! Àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tá a máa ń jù sínú wọ́dúróòbù nítorí aáyán. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti wà pẹ̀lú ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, paàpàá ọmọkùnrin, ni wọ́n bí pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD deficiency, káńfọ̀ tó jẹ́ naphthalene yìí máa ń ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, ojú àti ara ọmọ á yí sí àwọ̀ ìyeyè, tí wọn ò bá tètè gbé e lọ sọ́sibítù ó lè ba ọpọlọ jẹ́ tàbí kó gbẹ̀mí ọmọ. Kì í ṣe pé ọmọ jẹ ẹ́ o, òórùn ẹ̀ lára aṣọ nìkan tó. Bí mo bá lè sọ ohun kan ṣoṣo fún gbogbo onílé nípa yàrá àlejò, èyí ni.

Ìyókù ò le: àga tó máa jókòó fọ́mọ lọ́yàn, fúláàsì omi gbígbóná, bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré fún nápì, kí yàrá má sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń ké.

Ìyá ọkọ mi ń bọ̀, ṣé kí n kó jáde ní yàrá mi fún wọn?

Tó bá jẹ́ pé yàrá yín nìkan ló ní balùwẹ̀ nínú, tí orúnkún sì ń dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kó jáde, kẹ́ ẹ ṣe é tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Tó bá jẹ́ pé yàrá kejì wà tó tura, ẹ má kó jáde, torí àwọn náà ò ní gbádùn ẹ̀, wọ́n á máa rò pé àwọn lé ọmọ àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Èrò tèmi nìyẹn, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan ò ní gbà. Bó ti wù kó rí, kí ọkọ yín fúnra ẹ̀ mú wọn wọ yàrá náà, kó má jẹ́ ẹ̀yin. “Màámi, ibí la ṣe sílẹ̀ fún yín” máa ń dùn létí wọn tó bá ti ẹnu ọmọ wọn jáde.

Àǹtí, rúùmù kan ni mo ń gbé, ibo ni kí n rí yàrá àlejò?

Ẹ ò nílò yàrá, ibi tí àlejò lè pè ní tòun lálẹ́ yẹn lẹ nílò. Ẹ ta wáyà láti ògiri dé ògiri, kẹ́ ẹ ta kọ́tìnnì sí i, kó lè pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fún un ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní àti fómù tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ àbúrò yín. Ẹ kó ẹ̀gbẹ́ kan wọ́dúróòbù tàbí ìṣó mẹ́ta lára ògiri sílẹ̀ fún un, kó má máa gbé aṣọ ẹ̀ sínú báàgì bíi ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ní ilé ojúkojú tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń lo balùwẹ̀ kan, ẹ bá àwọn ará ilé sọ ọ́ lálẹ́ pé àlejò máa wẹ̀ ní aago mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ ọkùnrin lẹ̀yin, tí àlejò yín sì jẹ́ obìnrin tí kì í ṣe ìbátan yín, ẹ bẹ ìyàwó ilé kejì kó gbà á sọ́dọ̀ mọ́jú, ara tàlejò ni yóò balẹ̀ jù.

Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun ńkọ́?

Ìlú Ọba, sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bá tiwa mu, ẹnu mẹ́ta onígun. Amẹ́ríkà ò bá tiwa mu, ẹnu pílọ́ọ̀gì wọn yàtọ̀, iná wọn sì jẹ́ bíi 120 volts, tiwa jẹ́ bíi 230. Ṣáájà fóònù àti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń gba méjèèjì, adaptor nìkan ni wọ́n nílò, àmọ́ nǹkan ìgbóná irun tí wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà á jó tí wọ́n bá kì í bọ iná wa. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi sórí bébà.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe pàtàkì fún wọn ju fún wa lọ. Ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun, agbára tí ara ẹ̀ ní láti bá ibà jà ti dín kù, ó lè máa sọ pé Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí òun sí, òun ò bẹ̀rù ẹ̀fọn, ẹ má dá a lóhùn, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi omi inú ọ̀rá tàbí omi inú ike tó ní nọ́ńbà NAFDAC síbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n máa fi fọ ẹnu.

Màámi ló ń bọ̀ wá bá mi ní London, ṣé bákan náà ni?

Ọgbọ́n kan náà ni, ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike ìbomi sí báàfù. Mo mọ ìyá kan tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ tí kò wẹ̀ tẹ́ra lọ́rùn torí ó ń bẹ̀rù ṣáwà tó kọ́kọ́ tutù kó tó gbóná. Ẹ fi han màmá bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀rọ omi gbígbóná, ẹ lẹ bébà pupa mọ́ ọn. Ẹ fi okùn tó ń tan iná ní balùwẹ̀ hàn wọ́n, lójú àjà ló ti ń so wálẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ pa ògiri wá súìṣì.

Duvet tó nípọn, ìbọ̀sẹ̀, fìlà ìsùn, kí yàrá sì ti móoru kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹ ṣàlàyé ilẹ̀ fún wọn: ní December aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, ní June aago mẹ́sàn-án alẹ́ oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, kó tó tó aago márùn-ún ìdájí ó ti tún yọ. Kọ́tìnnì dúdú tó nípọn ló ń ṣe é. Àti ata gígún nínú ike kékeré ní kíṣìnnì, kí wọ́n mọ ibi tó wà.

Àlejò mi ń kírun, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni kí n ṣe sílẹ̀?

Ẹní ìkírun tó mọ́, búútà àlùwàlá, kẹ́ ẹ sì fi ibi tí oòrùn ti ń yọ hàn wọ́n láti inú yàrá. Láti ilẹ̀ Yorùbá, ìlà oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí, kó tẹ̀ sí àríwá díẹ̀. Tí àwòrán bá wà lára ògiri yẹn, ẹ gbé e kúrò. Tó bá jẹ́ àsìkò ààwẹ̀, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń jí sàárì, kẹ́ ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa máa yọ́ rìn ní kíṣìnnì yín láago mẹ́rin.

Ọmọ àlejò máa ń tọ̀ sílé.

Ẹ tẹ́ ráábà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì fún gbogbo ọmọ tó bá wá, láìbéèrè èwo ló ń tọ̀. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kejì sínú wọ́dúróòbù, kẹ́ ẹ sọ fún ìyá ẹ̀ nìkan. Tó bá tọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ láì pariwo.

Báwo ni màá ṣe béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lọ?

Kí wọ́n tó wá ni, lórí fóònù: “Ọjọ́ mélòó la máa rí yín, kí n lè mọ bí n ṣe máa ra ẹran?” Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìyẹn. Tí wọ́n bá ti dé, ó ti bọ́.

Ẹ má sì yáwó nítorí yàrá. Wọ́n máa ń sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò là ń san án, mo ti rí ìdílé tó ra AC lówó ìdá nítorí àna tó sun ọjọ́ méjì péré, tó sì ní kí wọ́n pa á torí òtútù ń mú òun. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ọ̀pọ̀ ni kò gba owó, ó kàn gba kéèyàn rò ó ṣáájú.

Tí wọ́n bá ti lọ ńkọ́?

Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo etí fómù nítorí ìdun, ẹ gbé pílò sóòrùn. Ẹ wò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa: ṣáájà ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló tẹ̀ lé e, oògùn yẹn ò sì gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ fi rán dírẹ́bà tó ń lọ ní gáréèjì. Tí wọ́n bá ní ẹ má ṣèyọnu, ká fi sílẹ̀ níbẹ̀ àwọn ń padà bọ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sí i, kẹ́ ẹ fi sínú wọ́dúróòbù yàrá àlejò. Ẹ̀gbọ́n màámi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn fi pákò kan àti aṣọ ìbora wọn sílẹ̀ nílé wa nígbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí mo ti sún wọ́dúróòbù kúrò níwájú súìṣì. Wọ́n ní wọn ò gbàgbé ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.